Má Tètè Sọ Ọ́ Nù: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi ní Lọ́kọ́jà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Inú mi dùn pé ara rẹ le, iṣẹ́ sì ń lọ. O ní owó oṣù kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ tó fi ń tán, o sì bi mí bí èmi àti bàbá yín ṣe ṣe é tí ẹ̀yin ọmọ fi jáde ilé ìwé pẹ̀lú owó aṣọ rírán àti owó oko. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju ohun tí à ń sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Fara balẹ̀ kà á.

Kí ó kọ́kọ́ yé ọ pé ìṣọ́wóná kì í ṣe ahun. Ahun a máa febi pa ara rẹ̀, a máa fìyà jẹ ará ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun, ó mọ bí nǹkan ṣe lè pẹ́ tó, ó sì mọ ibi tí owó yẹ kó lọ. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ láti lo ohun tí a ti lò rí, torí ẹ gbà pé ìṣẹ́ ló ń fà á. Jẹ́ kí n sọ ti aṣọ ìpò fún ọ.

O mọ̀ pé ilẹ̀ Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa yẹn, kò sí aṣọ tó níyì tó o lọ́dọ̀ wa. Òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún olóyè àti ẹni ńlá, àwọn obìnrin wa ló sì máa ń hun ún láyé àtijọ́ lórí òfì tí wọ́n gbé nàró. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń rí òwú pupa rẹ̀? Bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó ti ìlú òyìnbó wá, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn ọsibítù, ni wọ́n ń tú palẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, tí wọ́n sì ń fi òwú rẹ̀ hun aṣọ olóyè. Kò sẹ́ni tó fojú àlòkù wo aṣọ ìpò rí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wọ inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun ńlá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń tún nǹkan lò, má dá a lóhùn.

O ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti gbó, o fẹ́ ra òmíràn. Kọ́là wọn ló gbó, mo dá a mọ̀ nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Kọ́là ló máa ń kọ́kọ́ gbó, torí òógùn àti irùngbọ̀n tó ń ha á. Ara ṣẹ́ẹ̀tì á ṣì le koko. Wá bíléèdì tó mú, fara balẹ̀ tú òwú tó so kọ́là mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Òwú nìkan ni kí o gé, má jẹ́ kí bíléèdì kan aṣọ. Bí kọ́là bá ti já kúrò, yí i padà kí ojú tó gbó bọ́ sí abẹ́, kí èyí tí oòrùn kò rí rí wà lókè. Ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí o lè mọ àárín rẹ̀, fi pín-ìnnì mú àárín náà mọ́ àárín ọrùn aṣọ, kó má baà wọ́ sápá kan, kí o tó wá rán an padà ní ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́. Bí o bá lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ní bọ́tìnnì létí kọ́là nìkan ni kò ṣeé yí bẹ́ẹ̀, torí ihò bọ́tìnnì á wá wà níbi tí kò yẹ. Má sì rò pé iṣẹ́ obìnrin ni o. Bàbá rẹ mọ abẹ́rẹ́ lò, òun ló ń lẹ ṣòkòtò oko rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí dòní.

Aṣọ tí kò bá ṣeé wọ̀ mọ́, kí ó tó di akísà, tú bọ́tìnnì àti síìpù rẹ̀, kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ìró mi tó ti ṣá ni mo fi rán àpò ìrọ̀rí tí o gbé lọ yẹn.

Oúnjẹ ló ń gbé owó ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá gbé jù. N kò ní kí o má dé ilé olóúnjẹ rárá, àmọ́ kí tàárọ̀, tọ̀sán, talẹ́ máa jẹ́ rírà, ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́. Wá ẹnì kan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ra àpò ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, kí ẹ fi múdù, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà, pín in. Ẹ ó rí i pé iye tí múdù kan bọ́ sí dín sí ti ẹni tó ń rà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀wà máa ń ní kòkòrò, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fi oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ láé. Sá a dáadáa, jẹ́ kó tutù, rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí tó le, kó kún dẹ́nu, kí o dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú. Bu èyí tí o máa jẹ lọ́sẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí o má baà máa ṣí ike ńlá náà lójoojúmọ́. Bí o bá fẹ́ sè é, rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, da omi yẹn nù, sè é nínú omi tuntun, kí o sì dé ìkòkò. Gáàsì tí yóò jẹ á dín kù gan-an. Ìrẹsì náà, bí omi rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, pa iná, má ṣí i. Ooru inú ìkòkò yóò parí ìyókù.

Iṣu tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́? Bí o bá rí i pé ó ti ń rà lápá kan, má wò ó títí yóò fi rà tán. Gé ibi tó bàjẹ́ sọ nù pátápátá, bẹ èyí tó kù, gé e wẹ́wẹ́, bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, kó má jinná o, bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, sá a. Oòrùn Lọ́kọ́jà kì í ṣeré, láìpẹ́ yóò gbẹ ganrangan. Gbé e lọ sí ẹ̀rọ, èlùbọ́ dé.

Ọ̀rọ̀ ike àti kẹ́ẹ̀gì, gbọ́ ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni àtúnlò ti lè di ikú. Ọ̀rá piọ wọ́tà, bí o bá fi ìṣó lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, o lè gbin ata tàbí tòmátò sí i títí yóò fi tó lọ́, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú èso kaṣú níhìn-ín. Ike bọ́tà, fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta oògùn tí à ń fín sí koríko lóko, má pọnmi sí i, má rọ epo sí i, bí wọ́n tilẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ tán, ike ti fa oògùn náà sára. Mo ń rí wọn tí wọ́n ń tún wọn tà lọ́jà, àyà mi a sì máa já. Èyí tí ó bá dé ilé wa, bàbá rẹ a máa fi ọ̀bẹ lù ú kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ike ọ̀dà pẹ̀lú, fi fọṣọ tàbí kí o fi kó ìdọ̀tí, má fi gaàrí sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí o sọ pé owó rẹ̀ dín, èyí tó sún mọ́ odò yẹn. Má gbà á. Omi gba ilé lọ́wọ́ àwọn èèyàn Lọ́kọ́jà lọ́dún 2012, ó tún gbà á lọ́dún 2022, Gánájà àti Àdánkọ́lọ́ wà nínú àwọn ibi tó kàn. Owó ilé tí o dín, bẹ́ẹ̀dì àti ìwé ẹ̀rí rẹ ló máa bá omi lọ. Má sì ṣahun lórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti àyẹ̀wò ibà. Bọ́ọ̀bù àtijọ́ tó wà nínú yàrá rẹ náà, yọ ọ́. Èyí tó ń jẹ wáàtì 60, bọ́ọ̀bù LED tó ń jẹ wáàtì 9 tàbí 10 lè tan ìmọ́lẹ̀ tó bá a dọ́gba. Ó wọ́n díẹ̀ lọ́jà, rà á bẹ́ẹ̀.

Owó kéékèèké ni ká máa ṣọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Owó ìpè tí o ń yá lórí fóònù, èlé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kí o tó sọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yáwó orí áàpù ńkọ́, tí wọ́n ń ránṣẹ́ ìtìjú sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù èèyàn? Má sún mọ́ ọn. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, o mọ èrò mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, dá èsúsú pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn tí o mọ ilé wọn. Alájọ a máa mú dídá ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, èsúsú kò ní ìyẹn; ohun tí o dá ni o máa kó nígbà tó bá kàn ọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an ni kí o dá a, kí o tó ra ohunkóhun.

Ra ìwé kékeré kan. Gbogbo ohun tí o bá rà, títí kan ẹ̀pà, kọ ọ́ sí i lálaalẹ́. Lópin oṣù, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wo ibi tí owó gbà lọ. N kò ní bínú. Bí kọ́là yẹn bá sú ọ í rán, fi ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì rán awakọ̀ Kábà, èmi á yí wọn. Kó kẹ́ẹ̀gì epo tó ti ṣófo lọ́dọ̀ rẹ mọ́ ọn, èyí tí mo fi rọ epo pupa fún ọ. Àwọn èèyàn Ìjùmú ń gbé epo tuntun bọ̀ lọ́jà tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ rọ tìrẹ kún un.

Èmi ni ìyá rẹ.