Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fẹnu Ara Wọn Dáhùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí o ti pè mí pé físà yín ti jáde ni inú mi ti ń dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tábìlì àwọn imigiréṣọ̀n ni, èyí tí ìwọ àti àwọn ọmọ nìkan, láìsí ọkọ rẹ, máa bá pàdé bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣé o rántí oṣù Keje 2001? Ọmọ ọdún méje ni ọ́. Aṣọ yẹ́lò tí ìyá mi rán fún ọ lo wọ̀, mo sì ti fi òwú di irun rẹ. Inú bàálù ni mo ti kìlọ̀ fún ọ pé bí òyìnbó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ dá sí i. Nígbà tó kàn wá, o ṣe bí ọmọ tí a kọ́, o kúnlẹ̀ kí obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Tábìlì náà ga. Bí o ṣe kúnlẹ̀, kò rí ọ mọ́. Ó dìde, ó yọrí wò ọ́, ó ní ta ni mo jẹ́ sí ọ. Ojú mi lo kọ́kọ́ wò. Èmi náà sì fi ojú bá ọ wí, ojú tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ dáadáa, pé kí o dákẹ́. O tẹrí ba, o ń wo bàtà rẹ.

Obìnrin náà rí ojú yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí mo kà sí ẹ̀kọ́ ilé, ìbẹ̀rù ló kà á sí. Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ wá. Inú àpótí ńlá ni mo kó o sí, ibi tí wọ́n sì ti ń gba àpótí wà níwájú, ẹni tí wọn kò bá tíì yẹ páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ wò kò lè débẹ̀. Wọ́n ní ká lọ jókòó. GSM kò tíì wọ Nàìjíríà, oṣù tó tẹ̀ lé e ló dé. Fóònù olókùn tó wà ní ọ́fíìsì bàbá rẹ ni wọ́n ń pè, tí wọ́n ń pè, títí ẹnì kan fi lọ wá a lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. O sùn lọ lórí itan mi, èmi sì ń fi etí ìró nu ojú.

Ó pẹ́ tí mo fi di obìnrin yẹn sínú. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn Victoria Climbié ni inú mi rọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ivory Coast ni. Àwọn òbí rẹ̀ fi lé ìbátan wọn kan lọ́wọ́ pé kó mú un lọ kàwé ní Yúróòpù, bí àwa náà ṣe máa ń fi ọmọ fún ẹbí tọ́. Páásìpọ́ọ̀tù tó ní orúkọ ọmọ mìíràn, Anna, ni ìbátan náà fi mú un kọjá bodè, ó ní ọmọ òun ni. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ náà ló pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré! Kò tíì pé ọdún méjì sígbà náà tí èmi àti ìwọ fi dúró níwájú tábìlì tiwa. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń bi àwọn ọmọ rẹ ní ìbéèrè, má jẹ́ kó bí ọ nínú. Nílẹ̀ wa náà, òfin 2003 tó dá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, sílẹ̀, torí àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ rìn ni. Ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà pàápàá, wọ́n lè bi ọ́ pé bàbá wọn dà.

Orúkọ bàbá rẹ lo ṣì ń jẹ́ nínú páásìpọ́ọ̀tù, orúkọ ọkọ rẹ ni àwọn ọmọ ń jẹ́. Mi ò ní kí o yí i padà, orúkọ yẹn ni gbogbo sátífíkéètì rẹ wà. Ṣùgbọ́n ìwé ló máa bá ọ sọ fún aṣọ́bodè pé ọmọ rẹ ni wọ́n. Mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí National Population Commission fún wọn (káàdì ilé ìwòsàn kò tó), kí o mú ìwé ìgbéyàwó rẹ mọ́ ọn. Kí ọkọ rẹ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà páásìpọ́ọ̀tù wọn wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ilé tí ẹ máa dé sí. Kó fi ẹ̀dà ojú ewé páásìpọ́ọ̀tù tirẹ̀ sí i. Bó bá lè lọ búra sí i ní kóòtù, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má pa fóònù rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn o. Báàgì tí o máa gbé kọ́ apá ni kí o kó gbogbo rẹ̀ sí. Físà àwọn ọmọ sì ń sọ àgbàlagbà tí wọ́n ń bá rìn, nítorí náà bí iṣẹ́ bá ṣàdédé dá ọ dúró, má ní kí àbúrò rẹ mú wọn lọ.

Ẹnu àwọn ọmọ ló jẹ mí lógún jù. Nígbà tí ẹ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, mo bi Àdùkẹ́ pé kí ni orúkọ rẹ̀ nínú páásìpọ́ọ̀tù. Ó wò mí, ó ní, "Àdùkẹ́ Màmá." Ọmọ ọdún mẹ́rin kò jẹ̀bi, oríkì yẹn náà ni mo ń fi pè é láti ọjọ́ tí a ti bí i. Àkàndé ní tirẹ̀ ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Dádì Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ, á ní ọ̀dọ̀ Dádì, lẹ́tà ọwọ́ rẹ á sì máa sọ pé Ìbàdàn ni bàbá wọn wà. Ọmọ ò purọ́, wàhálà ti dé. Jókòó tì wọ́n láti ìsinsìnyí. Kí wọ́n mọ orúkọ wọn pé pérépéré, kí wọ́n mọ̀ pé àbúrò dádì wọn ni wọ́n ń lọ kí, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, pé ilé ìwé ń wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Má kọ́ wọn ní àkọ́sórí. Ọmọ tó há ọ̀rọ̀ sórí, ojú ìyá rẹ̀ ló máa ń wò bó bá gbàgbé. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ bó bá ṣe wá sí wọn lẹ́nu.

Kí wọ́n kí aṣọ́bodè ní ìdúró, kí wọ́n wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa la kọ́ wọn pé ọmọ kì í wo àgbà lójú. Sọ fún wọn pé ti tábìlì yẹn yàtọ̀. Ìwọ náà, bí wọ́n bá ti bi ọmọ léèrè, gbé ojú rẹ kúrò lára rẹ̀. Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó kó tó dáhùn.

Ó lé ní wákàtí mẹ́fà nínú bàálù. Jí wọn kí ẹ tó balẹ̀, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n bọ́jú, torí ẹ máa rìn jìnnà kí ẹ tó dé orí ìlà. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń ka páásìpọ́ọ̀tù, tó sì ń ṣí fúnra rẹ̀, kò gba páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ èèyàn ni kí ẹ tò sí. Wọn kì í fẹ́ kéèyàn lo fóònù níbẹ̀, nítorí náà kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àbúrò ọkọ rẹ sínú ìwé. Bọ́ awọ kúrò lára páásìpọ́ọ̀tù. Wọ́n lè ní kí Àkàndé gbé ìka lé gíláàsì bó ṣe ṣe é nígbà físà. Káàdì tí a máa ń kọ nínú bàálù láyé ọjọ́un kò sí mọ́, wọ́n ti fagi lé e ní 2019.

Bí ẹ bá ti kọjá, pè mí kí àpótí yín tó jáde. Mo máa jí sílẹ̀. Fi fóònù sí Àdùkẹ́ létí, kó sọ orúkọ tó wà nínú páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ.