Ẹ Jẹ́ Kí Ẹnu Yín Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Kétu, Ìpọ́bẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́ nílẹ̀ Benin níbí, mo kí yín. Ẹ kú ìwé, ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé wa kan ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, ó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin sí ilé iṣẹ́ kan ní Kùtọnù, wọ́n sì gbà á kó máa ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníbàárà tó ń ti Nàìjíríà wá. Fóònù ló bá a kọ lẹ́tà náà. Ọjọ́ tí àwọn oníṣòwò láti Oníṣà jókòó síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè ìgbà tí ẹrù àwọn máa kúrò ní èbúté, orí ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fọwọ́ wá fóònù lápò. Yorùbá ò sì lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yẹn. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín ni kò jẹ́ kó lanu láti kékeré, mo sì ń rí ẹ̀rù yẹn lójú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọdún 7 lẹ fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti sixième tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ girama títí dé terminale tí ẹ fi ń parí rẹ̀. Ẹ mọ gírámà ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì tó kún bámúbámú yẹn, mélòó nínú yín ló ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀?

Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì l'Ábẹ́òkúta, Yorùbá Kétu àti Faransé díẹ̀ ló wà lẹ́nu mi. Ọ̀gá mi kì í fi ìròyìn aago 7 àárọ̀ lórí Radio Nigeria ṣeré. Èmi á wà lábẹ́ ọkọ̀, sípánà lọ́wọ́, màá máa sọ ọ́ tẹ̀lé ẹni tó ń kà á. Kò yé mi, mò ń sọ ọ́ ṣáá ni. Ìwé ìròyìn tí ìyá alákàrà fi di àkàrà fún wa, màá tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá kà á sókè. Epo á ti mu apá kan, apá kan á ti ya. Ìgbà mìíràn n kì í mọ ẹni tó wọlé ìbò. Mo máa ń pe "this" ní "zis", àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á ní "dis" ni. Àṣé àwọn náà ò pè é dáadáa! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo tún un pè.

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ jàre! Ta ló ń rán ẹlòmíì kó lọ bá òun jẹun?

Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ló fi Kétu síbí, tó fi Ìmẹ̀kọ sọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Ẹ ń lọ ṣe ìyàwó níbẹ̀, ẹ ń lọ sìnkú níbẹ̀, ẹ kì í bá àwọn ẹgbẹ́ yín sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. (Yorùbá ni kí ẹ fi kí àwọn àgbà o, ẹ má lọ dójú tì wá.) Ẹnì kan ní ẹnubodè tí Nàìjíríà tì láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 ló ba Gẹ̀ẹ́sì òun jẹ́. Irọ́ ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò dá rédíò dúró.

Àwọn tó ń ta sátífíkéètì Gẹ̀ẹ́sì olóṣù mẹ́ta, ẹ má fún wọn ní sẹ́fà yín. Ìwé yẹn ò ní bá yín dá oníbàárà lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ díẹ̀, tí àbúrò yín bá ṣì í sọ, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná. Irú ẹ̀rín yẹn ló pa ẹnu ọmọ ilé wa dé.

Ìwọ náà tí ọ̀rọ̀ kàn, jáde nínú yàrá. Wọn ò lé ọ nílùú.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ẹni tó bá fẹ́ kàwé sókè kó wá sí ìta mi. Ẹ mú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ bá ní dání, nítorí tèmi ti gbó.