Ẹ̀sùn lórí swíìṣì iná ìta gáréèjì tí mo rà lọ́wọ́ yín

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pe àwọn òṣìṣẹ́ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì dá mi lóhùn. Gbogbo wọn ló fọ̀wọ̀ wọ̀ mí, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí nígbà gbogbo: "Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún tàn án?" Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sí ẹ̀yin fúnra yín, kí n má baà tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé lẹ́ẹ̀karùn-ún fún ẹni tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Gáréèjì mi kò lẹ̀ mọ́ ilé. Ẹ̀yìnkùlé ló dá dúró sí. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: mítà 32 ni láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gílóòbù LED méjì ló wà lára ògiri rẹ̀ níta, ọ̀kan lókè ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọ̀kan lápá ibi àtẹ̀gùn. Inú gáréèjì gan-an ni swíìṣì wọn wà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ iná tí yóò fi ríran débẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la òkùnkùn kọjá kó tó lè tàn án. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran lálẹ́ mọ́, àtẹ̀gùn mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì yẹn tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀. Nítorí wọn ni mo ṣe ń wá swíìṣì tí mo lè fi fóònù tàn láti inú ilé.

Ohun tí ẹ kọ sára páálí ni mo gbà gbọ́ tí mo fi rà á: pé ó ń gbọ́ ìpè dé mítà 100, pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni èèyàn máa fi tò ó, pé ibikíbi tí mo bá wà ni mo ti lè darí iná mi.

Wàhálà àkọ́kọ́ dé kí iná tó tàn rárá. Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú swíìṣì àtijọ́ kúrò lára ògiri, wáyà méjì péré ló bá níbẹ̀: live tó ń gbé iná wọlé, àti èyí tó ń gbé e lọ sí gílóòbù. Bí wọ́n ṣe ṣe wáyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, torí swíìṣì lásán kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó já iná, kó sì tún so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré tó ń gba ìpè Wi-Fi wà nínú swíìṣì tiyín, rédíò náà sì gbọ́dọ̀ máa fa iná díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àní nígbà tí gílóòbù bá wà ní pípa, kó lè máa gbọ́ bí wọ́n bá pè é. Láìsí neutral, ìyẹn wáyà kẹta tó ń dá iná padà, tiyín kò lè ṣe é. Mo yí páálí náà sókè sódò, mi ò rí ọ̀rọ̀ neutral níbì kankan. Ojú ewé 11 nínú ìwé kékeré tí ẹ fi sínú rẹ̀ ni mo ti rí i, lẹ́yìn tí ògiri ti wà ní títú. Oníṣẹ́ ní láti padà wá lọ́jọ́ kejì kó fa neutral wá láti inú àpótí fíúsì. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo san fún ohun tí ẹ pè ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ mítà 100. Orí pápá gbalasa, níbi tí nǹkan kan ò ti dí ọ̀nà, ni mítà yẹn ti jẹ́ òótọ́, ìwé yín náà sọ bẹ́ẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Páànù ni wọ́n fi bo ògiri àti òrùlé gáréèjì tèmi, àpótí irin ni swíìṣì sì jókòó sí. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá, ńṣe ló ń dá a padà. Ká tilẹ̀ ní kò sí irin kankan, bí èèyàn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ìgbì náà ló máa bá a lọ́hùn-ún. Mo gbà pé Wi-Fi 2.4 GHz tí ẹ lò ń la ògiri kọjá ju ti 5 GHz lọ, ẹ ò ṣàṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ ta ló ń kọ́ gáréèjì sórí pápá gbalasa? Òṣìṣẹ́ yín kejì ní kí n ra extender, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú Wi-Fi dé ibi tó jìnnà, mo rà á, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná tó kọjú sí gáréèjì. Oníṣẹ́ sì fi àpótí ike rọ́pò ti irin.

Ó ṣiṣẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, inú mi sì dùn sí i gan-an. Mo ti gbàgbé gbogbo wàhálà tó ṣáájú, ǹ bá má tilẹ̀ kọ lẹ́tà kankan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ìyá mi dé láti òde. Ẹni tó gbé wọn wá já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì, ó sì lọ. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n tan iná. Mo ṣí áàpù yín. "Offline" ni ohun tó wà lójú rẹ̀, ìyẹn ni pé swíìṣì kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo pa áàpù náà dé, mo tún ṣí i. Nígbà tó yá mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo sáré jáde. Bí mo ṣe tan tọ́ọ̀ṣì síwájú báyìí, àwọn ni mo rí: ọwọ́ òsì lára páànù ògiri, báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Wọn ò ṣubú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ọwọ́ wọn mú, ó ń gbọ̀n. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé iná yín ti bàjẹ́ ni?" Mi ò rí èsì fún wọn, torí iná ò bàjẹ́. Gílóòbù ò jó, wáyà ò já, iná wà nínú gáréèjì.

Mo wọ inú gáréèjì lọ tẹ bọ́tìnnì ara swíìṣì náà. Iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà mẹ́wàá, kò dá mi lóhùn. Òṣìṣẹ́ yín kẹta ló ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kejì pé bí swíìṣì bá ń wá ọ̀nà àtipadà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í fetí sí bọ́tìnnì. Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró síwájú ògiri ara mi, ìka mi wà lórí swíìṣì, mi ò sì láṣẹ láti tan iná mi.

Wi-Fi ilé mi kò lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ìta wọlé ló lọ. Fóònù mi àti swíìṣì yín wà lórí Wi-Fi kan náà, wọn ò ju mítà 32 síra wọn. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àròsọ ni, mo dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra. Mo fi router, àpótí tó ń pín Wi-Fi kiri inú ilé, sílẹ̀ ní títàn, mo yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, áàpù kọ "offline". Mo dá wáyà padà, nígbà tó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́ ìpè. Bákan náà ló rí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nígbà tí mo bá tẹ fóònù mi, ọ̀rọ̀ náà kò lọ sí gáréèjì. Ó ń jáde kúrò nílé mi lọ bá server yín, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín tó ń gba ìpè, níbi tó wà, server yín á wá ránṣẹ́ padà sí swíìṣì. Bí ọ̀nà yẹn bá dí níbikíbi, tàbí bí server yín bá dákẹ́, tàbí bí ẹ bá pa á tì lọ́jọ́ kan, iná mi ti di tẹni ẹlẹ́ni.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe lọ́nà mìíràn. Láti 2022 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ọjà yìí ti gbé ìlànà Matter jáde, èyí tó jẹ́ kí fóònù àti swíìṣì bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà nínú ilé, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tìta wọlé wà tàbí kó má sí. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi lè lo server yín, kò burú. Ẹni tó wà nílé kò yẹ kó nílò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, swíìṣì yín máa ń tan gílóòbù fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pípa ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago méjì òru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà sínú yàrá aládùúgbò mi. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, bọ́tìnnì ò gbọ́, mo ní láti pa fíúsì. Fíúsì yẹn kan náà ló ń gbé ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì.

Mo ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Rìmóòtù kékeré 433 MHz tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo so ó kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, omíràn wà nínú báàgì ìyá mi. Kì í ṣe pé kò ní àbùkù: kò lè sọ fún mi bóyá iná tàn lóòótọ́, àfi kí n yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá tẹ̀ ẹ́, iná ń tàn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín ni owó swíìṣì náà, owó extender tí òṣìṣẹ́ yín ní kí n rà, àti owó iṣẹ́ ọjọ́ kejì tí oníṣẹ́ iná gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn risíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ́ sí iwájú páálí, ní lẹ́tà tó hàn ketekete, pé ó nílò neutral àti pé kò ní ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni bọ́tìnnì. Àwọn tó ti ra swíìṣì yìí pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àgbàlagbà wà nílé àwọn náà. Ẹ ṣe àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí bọ́tìnnì yẹn máa tan iná, kó sì máa pa á, ohun yòówù kí rédíò inú rẹ̀ máa ṣe lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Swíìṣì náà wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdè rẹ̀. Ẹ rán ẹni tó máa gbà á, tàbí kí ẹ sọ ibi tí mo lè fi í ránṣẹ́ sí. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.