Ìgbéyàwó kékeré kì í ṣe àìmọ àṣà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ní àwa ọ̀dọ́ ìwòyí ti kẹ̀yìn sí àṣà, pé a fẹ́ máa gbéyàwó bí ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè dákẹ́, torí òun gan-an là ń fà nílé wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti sọ fáwọn òbí wa pé ìdána la fẹ́ ṣe nínú àgbàlá bàbá mi, ká ṣe ti kóòtù, ká jẹun, kó parí síbẹ̀.

Kí ló wá ń jẹ́ àṣà? Ohun tí àwọn bàbá ńlá wa fi ń gbéyàwó kò sú ọmọ tálákà rí: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn, epo, iṣu. Alárenà á ṣe tirẹ̀, wọ́n á wádìí ìdílé, wọ́n á tọrọ ọmọ, ẹbí ọkọ á dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà á sì fi orógbó wúre kí tọkọtaya gbó kí wọ́n tọ́. Láyé ijọ́un, ọkọ tí kò lówó á bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, ọmọ á sun ẹkún ìyàwó nígbà tó bá ń kúrò nílé. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọ́n á fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Owó orí gan-an, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń dá a padà lójú agbo, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Bí ẹ bá sì ní ká tẹ̀ lé ẹ̀sìn, yìgì síso kò wá ju alámòójútó ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì àti sàdáàkì lọ. Kóòtù á lẹ ìkéde fún ọjọ́ 21, òun náà á béèrè ẹlẹ́rìí méjì.

Ibi tí owó ti ń tán, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Aṣọ ìyàwó funfun, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Sierra Leone padà wálé, la ti rí i. Ọdún 1884 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìgbéyàwó alárédè kalẹ̀ l'Ékòó. Ìyẹn tilẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀. Fọ́tò tí tọkọtaya ń yà káàkiri kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé ńkọ́? Kámẹ́rà tó ń fò lókè orí àlejò? Gbọ̀ngán tí wọ́n fi òdòdó oníke bo gbogbo ògiri rẹ̀, ẹ̀bùn ìrántí tí wọ́n tẹ orúkọ sí lára, alága ìdúró àti alága ìjókòó tí wọn ò ní jẹ́ kí ọkọ gbẹ́sẹ̀ kan láìsanwó? (Orin ẹnu wọn máa ń dùn mọ́ mi, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wọn ti pọ̀ jù.) Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí gbogbo wọn dé. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe wọ́n kò tíì fọwọ́ kan àṣà Yorùbá rárá. Ẹni tó ní dandan ni ká ṣe wọ́n ló ń bá ti òde òní lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́mọ ṣègbéyàwó bẹ́ẹ̀. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé aládàáni kì í sì í rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Ó kó èsúsú, ó yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò tó, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti pe àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ló bá yíjú sáwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ó ń yá tọ̀hún san tìhín. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni nígbà tí fóònù gbogbo wa nínú yàrá olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwòrán rẹ̀ ni, gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó ṣì wà lórí rẹ̀, àwọn ayánilówó náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, onígbèsè ni. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, sáwọn òbí ọmọ tó ń kọ́, sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó jókòó, máàkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ti ṣe ìlànà láti 2022 tó fi de irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn kan kò jáwọ́. Fìrísà tí ìyá rẹ̀ fi ń ta ẹja ni wọ́n tà kí gbèsè náà tó lọ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní owó tí àwọn àlejò bá ná fún tọkọtaya lójú agbo á dí owó ayẹyẹ náà. Wọ́n gbàgbé pé abala 21 òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 lòdì sí i: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Láti 2024 ni àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó sì ti ń gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀bùn tó kù, abọ́ ni, aago ara ògiri ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi nìkan ni mi ò lè tètè fèsì sí. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni wọ́n ti ń ra aṣọ ẹbí ọlọ́mọ, ọjọ́ wo ni tiwọn? Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí wọnú egungun. Àjọ ni wọ́n ń dá, ó wá kan wọn láti kó o. Ṣùgbọ́n àjọ àwọn ìyá nìyẹn. Kì í ṣe èmi àti ọkọ tí kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó san án, torí tí a bá san án báyìí, ọmọ tí mo máa bí náà á jẹ gbèsè ẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn fún ìdúpẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú ìwọ̀n tí agbára wọn bá ká. Màá sè, màá gbé e fún àlejò, màá kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn.

Owó tí àwa méjèèjì ti kó jọ, yàrá méjì la fẹ́ fi gbà ní Àpẹtẹ̀. Onílé ń gba owó ọdún kan, ti éjẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì wà lórí ẹ̀. Àwọn àgbà náà ló kọ́ wa pé ká ṣe bá a ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ́n. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ̀ ń kà mí, tí ọmọ yín bá wá bá yín pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èló ló wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlejò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn.