Ẹ Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yín fún Oníkọ́ńdẹ̀mù

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ nípa àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tí a kó pa mọ́ sínú wọ́dúróòbù àti sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ tí kò bá ti lè gba Windows 11 kò wúlò mọ́, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń ti ọmọlanke ra kọ́ńdẹ̀mù kiri láti Muṣin dé Bárígà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Kọ̀ǹpútà tí kò yá mọ́ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣì lágbára tó láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, kí ó sì di ibi tí gbogbo fíìmù, orin àti fọ́tò ìdílé kan wà.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àwo VCD àti DVD wa. Ilé tí kò ní àpò àwo kan, níbi tí fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà wà, kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n ti bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú ihò tí a lè ti àwo bọ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ṣì ní in. Àwọn àwo tí onífídíò kọ fún wa lẹ́yìn òde kì í sì ṣe irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀: inú aró ni a kọ àwòrán wọn sí, aró yìí sì máa ń ṣá nínú ooru àti oòrùn. Àwọn òbí wa tó ti dolóògbé ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń jó nínú àwọn àwo wọ̀nyí, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà mìíràn. Ẹ ṣí àwo VCD, ẹ wo inú fódà tó ń jẹ́ MPEGAV, ẹ da fáìlì DAT tó wà níbẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà. VLC, áàpù ọ̀fẹ́ tí a fi ń wo fídíò, yóò ṣí i. Fáìlì àwo kan kò tó gígábáìtì kan. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pa Windows rẹ́ láti fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, rọ́pò rẹ̀, nítorí pé Linux sábà máa ń kọ̀ láti da irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kọ ní tààrà.

Síso ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kò le. Wáyà HDMI ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Bí ohùn kò bá jáde lára tẹlifíṣọ̀n, inú ètò ohùn kọ̀ǹpútà ni a ó ti yan HDMI. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé VGA, irú ihò wáyà àtijọ́, nìkan ló ní yóò gbé àwòrán lásán láìsí ohùn, a ó sì fi wáyà mìíràn gba ohùn láti ihò tí a ń ki wáyà íàpíìsì bọ̀. Lẹ́yìn èyí, a lè fi Linux Mint, irú Linux kan, sí i, kí a sì fi áàpù Kodi lé e lórí. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kodi yìí ló ń to fíìmù àti orin lẹ́sẹẹsẹ sójú tẹlifíṣọ̀n, áàpù Kore sì ń sọ fóònù Android di rìmóòtù rẹ̀ lórí Wi-Fi ilé, láìjẹ dátà kankan. Gígábáìtì 4 RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, tó fún iṣẹ́ yìí. Bí owó bá wà fún àtúnṣe kan ṣoṣo, SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá ju hard disk àtijọ́ lọ, ni kí a rà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí fíìmù 4K lára ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣùgbọ́n fíìmù 1080p (ìyẹn Full HD) tí a fi ọ̀nà H.264 tó wọ́pọ̀ dì kì í sábà dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí bátìrì bá ṣì dára, kọ̀ǹpútà kì í kú lójijì nígbà tí iná bá lọ, ẹ̀rọ inverter kékeré sì lè gbé e. Bátìrì tó bá ti wú ni kí a yọ kíákíá, kí a má gún un, kí a má sì jù ú sínú ìdọ̀tí, torí ó lè gbiná. Ẹ má ṣe dí ojú ibi tí ooru ń gbà jáde lára ẹ̀rọ náà.

Mo wá rọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n gba iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ wọn: kí ìyá àgbà tó bá gbé kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ àti àpò àwo rẹ̀ wá lè mọ iye tí yóò san láti da gbogbo àwo náà kọ, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ṣómólú, Èkó.