Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa aránṣọ sí káńsù: ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí owó wa ń wọlé sí

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa ní Ìbàdàn, àti gbogbo ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa télọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ṣọ́ọ̀bù wa yí ọjà ká la kọ ìwé yìí. Kò sí olóṣèlú kankan tó rán wa. Ọ̀rọ̀ owó ló gbé wa wá, àti ọ̀rọ̀ ìbò. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Nígbà tí ìbò káńsù ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2024 ń bọ̀, ańkárá àwọn olóṣèlú kún ṣọ́ọ̀bù wa débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ kò rójú sùn. Lọ́jọ́ ìbò gan-an, akọ̀wé wa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo ibùdó ìdìbò tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹni tó ń tẹ̀ka fún èèyàn ti gbórí lé tábìlì, ó ń tòògbé. A bi ara wa léèrè ní ìpàdé: ẹni mẹ́rin péré nínú wa ló dìbò. Àwa tí a rán aṣọ ìbò! Ìyá kan láàárín wa ní, "Mo ti gbowó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ wọn ná. Kí ló tún kù?" (Àbọ̀ owó náà ni wọ́n tiẹ̀ san, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìyẹn dọjọ́ mìíràn.)

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ìbò ààrẹ oṣù kejì 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó yọjú kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ará ìlú. Ẹni tó tò sórí ìlà fọ́jọ́ mẹ́ta kó tó rí káàdì gbà, tó wá ki káàdì náà bọ abẹ́ ẹní, ọ̀lẹ kọ́. Ó ti ṣírò ni.

Bí àwa ṣe ṣírò tiwa rèé. Owó mẹ́ta là ń san: ti ṣọ́ọ̀bù, ti ìmọ́tótó, àti ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀kẹta yìí kò ní nọ́ńbà, kò ní òǹtẹ̀. Báírò ni wọ́n fi ń kọ déètì sí i. Nígbà tí opó kan nínú wa ní kí agbowó ṣàlàyé rẹ̀, ó tú orí máṣìnì obìnrin náà kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwà. Aṣọ ìyàwó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó yá 15,000 náírà kó tó gba orí máṣìnì padà, wọn kò sì fún un ní rìsíìtì. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dí láti ọdún tó kọjá. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé, léèsì funfun tó bá kanlẹ̀ á di aláwọ̀ ẹrẹ̀.

A kọ lẹ́tà sí káńsù láti béèrè ohun tí owó ẹ̀kẹta yìí wà fún. Òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba sọ pé kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wá sí káńsù. Èsì tí wọ́n ń fún wa ni, "Ọ̀gá ò sí lórí síìtì."

Ìwé òfin 1999 ló fi ọjà, gọ́tà àti ìdọ̀tí sọ́wọ́ káńsù. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí àpò rẹ̀ tààrà. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, torí a rò pé àwáwí káńsù pé "ìpínlẹ̀ ló di owó wa mú" ti parí nìyẹn.

Ìbàdàn kò ṣàì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà dìde nítorí owó-orí, igbe wọn ni "Òkè mẹ́fà la ó san," ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Wọn kò ní àwọn ò ní san o. Iye tí agbára wọn ká ni wọ́n sọ, kí wọ́n tó gbọ́ wọn, ẹ̀mí ti ṣòfò. A kò fi èyí halẹ̀ mọ́ yín. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà lọ́wọ́ wa. Àwa náà ò ní a ò ní san ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo owó tí káńsù ń gbà àti iye rẹ̀ sára pátákó, ní èdè Yorùbá, kí ẹ gbé e sẹ́nu ọjà. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbè wá lẹ́yìn bí a bá kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó sí báńkì. Kí káńsẹ́lọ̀ wa sì máa wá sípàdé wa lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kó sọ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí gọ́tà kò bá tíì ṣeé ṣe, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò tíì ṣeé ṣe. Àwa náà á kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tó ti pé ọdún 18 lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2027. A kò ní sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù là ń ṣèpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ọjà. A ó fi àga kan sílẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, kó wọ bàtà òjò wá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.