Kí Wọ́n Gbọ́ Ọ Ná, Kí Wọ́n Tó Rẹ́rìn-ín

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí ni. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, wàá ti ní, "Mo ti gbọ́, Bàámi." Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fídíò àwàdà yín.

O ní kámẹ́rà lo fẹ́ fi owó tí o kó jọ rà. Má tíì rà á. Fóònù ọwọ́ rẹ ṣì tó o lò. Ohùn ni kí o náwó lé. Inú ohùn ni àwàdà Yorùbá wà: ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ ketekete, kí ló fẹ́ fi rẹ́rìn-ín? Òǹwòran á fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ò bá ti yé e, ó ti fi ìka tì ọ́ kọjá nìyẹn.

Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ ni kí o rà, kó jẹ́ méjì, torí ẹni méjì ló sábà máa ń jà nínú eré rẹ. Há a mọ́ àyà, kó jìnnà sí àgbọ̀n tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ṣọ́ aṣọ tí o bá wọ̀ o. Àdìrẹ tuntun máa ń le. Bí o bá ti ń mí báyìí, á máa ha máìkì lára, "ṣà, ṣà, ṣà". Fọ̀ ọ́ kó rọ̀ ná. Ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sínú aṣọ, kí o fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá fa wáyà, kò ní dé orí máìkì.

Bí owó ò bá tíì tó, yá fóònù kejì, jẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀ nínú àpò àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá ń to fídíò náà, ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú àwòrán ni kí o gbé ìró "pà!" yẹn sí, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù á sì bá ẹnu mu. Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù méjèèjì o, torí ìpè kan lè da gbogbo rẹ̀ rú.

Pánṣẹ́kẹ́ àti Sápọ́n dára lójú, àmọ́ ọ̀kadà àti gbohùngbohùn àwọn ọlọ́jà ò ní jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Ya àwòrán ọjà lásán níbẹ̀, kí o lọ sọ ọ̀rọ̀ ẹnu nínú àgbàlá tó dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ orí Olúmọ, gba ìyọ̀ǹda, kí o sì fi fóòmù bo máìkì nítorí afẹ́fẹ́. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo fara mọ́: oòrùn ò tíì mú, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ò sì tíì tàn án. Yàrá òfìfo máa ń dún bí inú ìkòkò. Ta ẹní àti aṣọ sára ògiri. Kí ẹ tó tú ká, gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, òun ni wàá fi dí ojú ibi tí o bá gé. Fi íáfóònù sí etí kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí òṣèré tó wọkọ̀ lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tí o fi máa ń bẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn, yọ ọ́. Ìjà ni kí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà.

Wo Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà aláwàdà, tó kú ní 2018: táì ńlá, awò gbàgẹ̀dẹ̀, aago lọ́rùn, o ti mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu. Wá tìrẹ, má ṣe ji tiẹ̀ lò. Ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ tí àwọn olè ṣe pa á lára gan-an, nítorí náà kọ orúkọ rẹ sí àárín àwòrán. Àwọn olè máa ń gé etí rẹ̀ dànù.

Ní ti owó, YouTube kì í pín owó ìpolówó fún ọ àfi bí ẹni 1,000 bá ti ṣe subscribe, tí wọ́n sì ti wò ọ́ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá, tàbí kí fídíò Shorts ní ìwò 10,000,000 láàárín 90 ọjọ́. Tí owó bá pé $10, Google tó ni YouTube á fi nọ́ńbà PIN ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, láti fi mọ̀ pé àdírẹ́sì rẹ jóòótọ́. Lo àpótí ìfìwéránṣẹ́. Àdírẹ́sì "ẹ̀yìn mọ́sálásí" kì í gba lẹ́tà. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí o ò tíì fi PIN náà sí i, ìpolówó á dúró. Orúkọ tí o fún Google àti ti báǹkì gbọ́dọ̀ bára mu. $100 ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó sanwó. Kọ W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà, torí bí o ò bá kọ ọ́, wọ́n lè yọ owó orí lára gbogbo owó rẹ. Bí o bá kọ ọ́, èyí tó ti ọ̀dọ̀ òǹwòran Amẹ́ríkà wá nìkan ni wọ́n ń yọ 30% lára rẹ̀. Má tíì fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ títí ìwọ̀nyí yóò fi ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ kí o polówó ọjà òun, gba ìdajì owó kí o tó gbé kámẹ́rà, kí o sì kọ iye ìgbà tó lè ní kí o tún un ṣe sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó.

Má wọ aṣọ ọlọ́pàá ṣeré láìgbàṣẹ. Má sì díbọ́n bí ajínigbé ní gáréèjì. Àwọn tí yóò lù ọ́ kò ní béèrè ibi tí kámẹ́rà wà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe é, kọ ọ́ sórí WhatsApp ohun tí kálukú á gbà, kódà kó jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ọjọ́ tí fídíò kan bá gbòde ni gbogbo wọn á rántí pé àwọn ló mú un wá.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní òun gbà láti ṣe ìyá onífùfú yẹn nínú eré rẹ lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ kí o kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ